Òkè Ló Ń Pín Omi

Láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, ibì kan wà lójú títì tí ẹnikẹ́ni kì í tìtorí rẹ̀ dúró. Kò sí pátákó níbẹ̀, kò sí ọjà, àwọn awakọ̀ ò sì ní orúkọ kan tí wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ ibẹ̀ kàn fi díẹ̀ ga ju ti ẹ̀yìn àti ti iwájú lọ, débi pé ẹni tó wà nínú mọ́tò ò ní fura pé òun ń gun òkè. Àmọ́ tí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ ni omi ti ń pínyà. Èyí tó bá ṣàn sí gúúsù á bá odò Ọbà lọ, Ọbà á fà á lé Ọ̀ṣun lọ́wọ́, Ọ̀ṣun á sì gbé e dé inú ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí. Èyí tó bá kọjú sí àríwá á bọ́ sínú Asà, á gba àárín ìgboro Ìlọrin kọjá, á di ara odò Awun, Awun á sì dà á sínú Odò Ọya. Ẹ̀kán òjò méjì tó jọ bọ́ láti ojú sánmà kan náà, tí àárín wọn ò ju agboolé kan lọ, inú òkun ni wọ́n tó tún máa fojú kan ara wọn.

Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo fi ń gba ọ̀nà yẹn lọ, tí mo ń gbà á bọ̀, kí n tó mọ̀. Àwòrán ilẹ̀ kan tí wọ́n fi àwọ̀ ya gíga àti rírẹlẹ̀ ilẹ̀ sí ló là mí lójú. Mo fi ìka tọ ipa odò kọ̀ọ̀kan lọ sẹ́yìn títí dé ibi tó ti ṣẹ̀, ìdí òkè ni ìka mi sì ń dúró sí ṣáá. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bí orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi rúlà pín mọ́. Ohun tí mo ń rí ni òkè mélòó kan tí ń bu omi fún gbogbo èèyàn, àti ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ ibi tí omi wọn ti ń wá.

Ilẹ̀ wa yìí kì í ṣe ilẹ̀ òkè gíga. Láti Dakar títí dé adágún Chad, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù, èèyàn sì lè rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ láìrí ohun tó ga ju igi oṣè lọ. Ìdí nìyẹn tí òkè díẹ̀ tó wà fi lágbára tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí gbogbo ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, ohun tó bá yọrí ló máa pàṣẹ ibi tí omi máa gbà.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú wọn ni Fouta Djallon, ní orílẹ̀-èdè Gíní. Ẹ má fọkàn ya òkè ṣóńṣó bíi Kilimanjaro. Òkè olórí pẹrẹsẹ ni, ibi tó ga jù níbẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi mítà 1,500 lọ. Òkúta yanrìn ló tò lé ara wọn ní ìpele ìpele, omi sì ti gbẹ́ ẹ títí ó fi di àfonífojì jíjìn káàkiri. Àwọn Fúlàní ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí òkè náà dúró sí ló sọ ọ́ di pàtàkì: atẹ́gùn tó ń ti ojú òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ lásìkò òjò, òun ló kọ́kọ́ máa ń kọlù. Bí atẹ́gùn ọlọ́rinrin bá gun òkè, á tutù, bó bá sì tutù, á sọ ẹrù omi rẹ̀ kalẹ̀. Ní Conakry tó wà létíkun nísàlẹ̀, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan ju mítà mẹ́ta ààbọ̀ lọ, ó tó bí ìlọ́po méjì ti Èkó. Ká ní kì í ṣàn lọ, tí kì í sì í gbẹ, omi ọdún kan péré á kan òrùlé ilé ilẹ̀.

Láti orí òkè yìí ni odò ti ń ya sí gbogbo ìhà. Bafing ṣàn lọ sí àríwá, ó bá Bakoye pàdé ní Bafoulabé ní Màlì, àwọn méjèèjì sì di odò Sẹ̀nẹ̀gà. Odò Gáḿbíà ṣẹ̀ níbẹ̀, ó rin nǹkan bíi kìlómítà 1,100 kó tó já sí òkun ní Banjul. Tinkisso kọrí sí ìlà-oòrùn, ó lọ bá Odò Ọya. Odò Ọya fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ ní gúúsù díẹ̀ sí i, lórí àwọn òkè tó so mọ́ Fouta Djallon, nítòsí ààlà Gíní pẹ̀lú ilẹ̀ Sàró.

Níbi orísun yẹn, òkun ò jìnnà rárá. Nǹkan bíi kìlómítà 240 péré ni. Ẹlẹ́sẹ̀ tó bá ń rin kìlómítà 40 lóòjọ́ á débẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà. Odò ò gba ibẹ̀. Òkè dí i lọ́nà, ló bá kẹ̀yìn sí òkun, ó kọrí sínú ilẹ̀, ó lọ títí dé ẹnu Sàhárà, ó yí padà nítòsí Timbuktu, ó gba Gao, ó gba Niamey, ó fara kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó wá wọ Nàìjíríà, kó tó já sí òkun kan náà tó ti kẹ̀yìn sí. Kìlómítà 4,180 ló fi rìn ín. Lẹ́yìn Náílì àti Kóńgò, kò sí odò tó gùn tó o ní Áfíríkà.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ gbà pé odò méjì ni láyé àtijọ́. Èyí òkè ń ṣàn lọ sínú adágún kan ní àríwá Timbuktu, nígbà tí Sàhárà ṣì ní koríko àti ẹran. Èyí ìsàlẹ̀ ń dá tirẹ̀ lọ sókun. Nígbà tó yá, wọ́n já mọ́ ara wọn. Mo fẹ́ràn àlàyé yìí gan-an, torí pé bí èèyàn bá wo ìrìn odò náà nínú àwòrán ilẹ̀, bíi pé wọ́n so okùn méjì pọ̀ ló rí, kókó rẹ̀ sì wà lórí iyanrìn Màlì.

Àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ ò pè é ní orúkọ kan náà. Djoliba ni lẹ́nu àwọn Mandinka. Isa Ber, èyí tó túmọ̀ sí odò ńlá, ni àwọn Songhai ń pè é. Èdù ni ti Nupe. Kwárà ni Haúsá ń pè é, ibẹ̀ sì ni ìpínlẹ̀ Kwárà ti rí orúkọ. Tiwa ni Ọya, ìyàwó Ṣàngó, ẹlẹ́fùúùfù, tí ìtàn sọ pé ó di odò nílùú Irá. Ẹni tó bá ti rí i ní Jẹ́bbà, níbi tí àpáta ńlá ti yọrí láàárín omi, tí odò ń fi agídí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á mọ̀ pé àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn ti wò ó dáadáa. Orúkọ náà ti rìn ju odò lọ. Ní Brazil àti Cuba, àwọn tí ojú wọn ò kan Odò Ọya rí ń ké pè é títí dòní. Yemọja tó ni odò Ògùn ti di ti òkun lọ́hùn-ún, ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé lọ́dọọdún sì ni àwọn ará Salvador ní Bahia ń kó òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún un lójú agbami. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ò lè gbé odò dání. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ.

Bí odò yìí ṣe kẹ̀yìn sí òkun da àwọn òyìnbó láàmú fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn kan ní Náílì ló ń lọ bá, àwọn kan ní Kóńgò ni, àwọn mìíràn ní inú iyanrìn ló ń gbẹ sí. Mungo Park dé etí rẹ̀ ní Ségou ní ọdún 1796, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà-oòrùn ló ń ṣàn lọ. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó sì kú sínú rẹ̀ ní Bussa ní ọdún 1806. Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀, John, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọ́n la ilẹ̀ Yorùbá kọjá, wọ́n dé Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n dé Bussa, wọ́n wá wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì tọ odò náà títí ó fi já sí òkun. Bẹ́ẹ̀, tipẹ́tipẹ́ ni àwọn oníṣòwò ẹrú àti ti epo pupa ti ń kó ọkọ̀ wọn wọ àwọn ẹnu odò wọ̀nyẹn, tí wọn ò mọ̀ pé Odò Ọya ló ń já níbẹ̀.

Inú mi kì í dùn nígbà tí ìwé bá kọ ọ́ pé àwọn wọ̀nyí ló ṣàwárí odò náà. Aṣọ òkè ni mo máa ń fi odò yìí wé. Ọ̀já ọ̀já ni wọ́n ń hun ún. Ará Ségou mọ ọ̀já tirẹ̀, Nupe mọ tirẹ̀, Ìjọ̀ tó wà ní ẹnu òkun mọ tirẹ̀ dénú egungun. Rírán ni àwọn Lander rán ọ̀já wọ̀nyẹn pọ̀ sórí ìwé. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò fi ojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíì ló hun aṣọ.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù lórí odò náà kò sí ní Nàìjíríà. Ó wà ní Màlì, láàárín Ségou àti Timbuktu, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú débi pé odò ò mọ ibi tí ì bá gbà mọ́. Ó ya sí ẹ̀ka tí kò níye, ó tàn ká bí ọbẹ̀ tó dà sórí ẹní. Lọ́dún tí òjò bá dára, ilẹ̀ tí omi ń bò níbẹ̀ máa ń tó 20,000 kìlómítà níbùú lóròó, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu Sàhárà nìyẹn o! Iyanrìn lọ́tùn-ún, iyanrìn lósì, omi àti koríko tútù láàárín. Àwọn Bozo ń pẹja níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ń gbin ìrẹsì, àwọn Fúlàní sì ń dúró de ìgbà tí omi máa fà. Koríko kan wà tí wọ́n ń pè ní bourgou, tó ń hù bí omi bá ṣe ń ga sí i. Tí omi bá ti fà, koríko yẹn nìkan ni oúnjẹ tútù tó kù fún màlúù ní gbogbo àgbègbè náà. Ní Diafarabé, wọ́n ń dá ọjọ́ tí màlúù máa wẹ odò kọjá. Ọdún ńlá ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù, ìwo nìkan lókè omi, àwọn darandaran ń wẹ̀ tẹ̀lé wọn, àwọn ìyàwó àti àfẹ́sọ́nà tí wọn ò rí wọn láti ọ̀pọ̀ oṣù ti wọ aṣọ tó dára jù dúró létí odò. UNESCO fi ayẹyẹ náà kún ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2005.

Ṣùgbọ́n bí odò ṣe wọ ibẹ̀ kọ́ ló ṣe ń jáde. Oòrùn ti mu nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó ń gbé bọ̀ láti Gíní ti rọ̀ sílẹ̀ sáàárín koríko. Ohun tó ń jáde lápá Timbuktu jẹ́ omi tó tòrò, tí kò kánjú. Ó sì ti pẹ́ lọ́nà gan-an: òjò tó rọ̀ lórí òkè Gíní ní oṣù Ògún àti Ọwẹ́wẹ̀, inú ọyẹ́ ló máa ń wọ Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni odò yìí ń kún lọ́dún ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ń dé lóṣù Ọwẹ́wẹ̀, láti inú òjò tó rọ̀ nítòsí àti láti inú odò Ṣókótó. Ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀ débi pé ó rí bí àkàmù, wọ́n sì ń pè é ní omi funfun. Èkejì ni omi dúdú, omi tó tòrò láti Gíní, tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ìparí ọdún, tí á sì wà títí di nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí gbogbo odò kéékèèké ti gbẹ, tí ilẹ̀ ti sán. Àwọn tó kọ́ dáàmù Kainji, tí wọ́n parí ní 1968, mọ èyí dáadáa. Omi méjèèjì ni wọ́n kọ́ ọ fún. Iná mànàmáná tó ń ti ibẹ̀ wá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òjò Gíní ló wà nídìí rẹ̀. Ó ju 40,000 èèyàn lọ tí wọ́n ṣí nípò kí adágún náà tó lè jókòó, ìlú Bussa sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àpáta tó fọ́ ọkọ̀ Mungo Park. Bussa tuntun ni wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí Odò Ọya ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ó pàdé Bẹ́núè ní Lọ́kọ́já. Mo ti gun òkè Pàtí lọ wò wọ́n. Láti orí òkè náà, wọn ò jọ odò tó ti pàdé. Àwọ̀ wọn ò bára mu, ìlà kan sì wà láàárín wọn bí ojú rírán aṣọ. Ọkọ̀ ojú omi kan kọjá lórí ìlà náà, mo rí i pé apá ọ̀tún rẹ̀ wà lórí omi kan, apá òsì lórí òmíràn. Ó tó ìgbà díẹ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n tó gbà fún ara wọn.

Bẹ́núè ò mọ Fouta Djallon rí. Òkè Adamawa ní Kamẹrúùnù ni tirẹ̀, ó sì rin nǹkan bíi kìlómítà 1,400 kó tó dé Lọ́kọ́já. Samuel Àjàyí Crowther bá ọkọ̀ òyìnbó gòkè Odò Ọya ní 1841, ìrìn àjò tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ. Ní 1854, ó tún bá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Baikie gòkè Bẹ́núè. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń lo kuníìnì, ibà ò sì pa ẹnì kankan. Lóde òní, ohun tí ń kó ìpayà bá àwọn ará etí Bẹ́núè ni dáàmù Lagdo, tí Kamẹrúùnù kọ́ ní 1982. Bí òjò bá pọ̀, tí adágún Lagdo bá kún, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i, omi náà á sì bá òjò tó ti kún ilẹ̀ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Bó ṣe rí ní 2012 nìyẹn, bó ṣe rí ní 2022 nìyẹn, nígbà tí àwọn tí ìkún omi pa ní Nàìjíríà lé ní 600. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ Lagdo ni ìjọba Nàìjíríà ti ní àwọn máa kọ́ dáàmù mìíràn sí Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa láti gba omi náà dúró. A ṣì ń wojú rẹ̀. Ìdájọ́ tèmi ni pé kò yẹ kí ará Lọ́kọ́já máa gbọ́ nínú ìròyìn rédíò pé wọ́n ti ṣí omi ní ìlú tí kò dé rí, nígbà tí omi náà ti wà lọ́nà.

Àwọn òkè yòókù náà ń ṣe tiwọn. Láti orí Plateau Jọ́ọ̀sì ni odò Kaduna ti ń lọ bá Odò Ọya, tí Gongola ń lọ bá Bẹ́núè, tí àwọn omi mìíràn sì ń gba àríwá ìlà-oòrùn lọ sí adágún Chad. Adágún yẹn ò ní ọ̀nà àbájáde. Omi tó bá wọ ibẹ̀, oòrùn àti iyanrìn ló máa gbà á. Èyí tó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi rẹ̀, odò Chari àti Logone ló ń gbé e wá láti gúúsù. Ní àwọn ọdún 1960, ó tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Nígbà tí ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980 fi máa kọjá, kò tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn mọ́. Létíkun, Òkè Kamẹrúùnù ga ju mítà 4,000 lọ, iná ṣì wà nínú rẹ̀, ní Debundscha lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì ni òjò ti ń rọ̀ ju mítà mẹ́wàá lọ lọ́dún. Ọ̀rọ̀ òkè náà tó àpilẹ̀kọ mìíràn.

Àìsí òkè pẹ̀lú ń ṣe tirẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé igbó kìjikìji etíkun wa já láàárín. Láti ìlà-oòrùn Gánà, gba Tógò, títí dé Bẹ̀nẹ̀, ọ̀dàn ló sọ̀ kalẹ̀ wá kan òkun. Ní Accra, òjò ọdún kan ò tó mítà kan. Kò sí òkè létíkun ibẹ̀ tó máa dá atẹ́gùn dúró, atẹ́gùn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ etíkun kọjá ni, kì í kọlù ú gan-an. Ibi tí igbó já yìí wà nínú ìtàn Yorùbá ju bí a ṣe ń kọ́ ọ nílé ìwé lọ. Ẹṣin kì í pẹ́ láyé nínú igbó, torí eṣinṣin tó ń fa àrùn oorun. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀dàn, ẹṣin Ọ̀yọ́ lè sáré títí dé ìtòsí òkun, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbà lọ bá Dahomey jà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, títí wọ́n fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀yọ́ ń gbà lọ sí èbúté Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ òde òní. Ká ní igbó ò já, bóyá ìtàn Aláàfin ì bá gba ọ̀nà mìíràn.

Nílé níbí, òkúta líle ni ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa. Ìdànrè, Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ìsádi ní 1830, òkè Adó-Awáyé tí adágún Ìyákẹ̀ wà lórí rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni òkúta wọn ti dì. Òjò àti àkókò ló kó ilẹ̀ orí wọn lọ. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í pa omi mọ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí odò wa fi ń tètè kún, tí wọ́n sì ń tètè fà. Odò Ògùn tó gba afárá mọ́lẹ̀ lóṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọmọdé lè fẹsẹ̀ wọ́ ọ kọjá níbòmíì lóṣù Èrèlé.

Tí odò wa bá sì dé etíkun, òkun kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé tààrà. Ìgbì ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi, ó ń fi mọ odi gígùn kan sí ẹnu odò. Odò á yà, á máa gba ẹ̀yìn odi náà lọ. Bí ọ̀sà ṣe ń dá sílẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́kọ̀ lè gbéra ní Àjàṣẹ́, kó gba Àgbádárìgì, kó gba Èkó dé Ẹ̀pẹ́, kí ìgbì òkun má fọwọ́ kàn án. Èkó di ìlú ńlá torí pé ibẹ̀ ni odi náà ti lanu.

Iyanrìn yẹn náà ní orísun. Odò Volta ló ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá, láti Burkina Faso àti Gánà. Ní 1965, Gánà parí dáàmù Akosombo, adágún tó gbilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lé ní 8,000 kìlómítà níbùú lóròó, ó ṣí bíi 80,000 èèyàn nípò, ó fún orílẹ̀-èdè náà ní iná, ó sì dá iyanrìn dúró. Ní àwọn ọdún 1960 kan náà ni wọ́n na apá òkúta sínú òkun ní Lomé àti Kútọnu láti ṣe èbúté. Iyanrìn ń jọ síhà ìwọ̀-oòrùn apá náà, ìhà kejì sì ń jẹrà. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní Èkó ṣáájú nìyẹn, nígbà tí wọ́n na tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí Bar Beach sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ní Keta ní Gánà, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé. Lápá Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí etíkun ti jẹ́ ẹrẹ̀ dípò iyanrìn, òkun ń jẹ Àyétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Mo ti bá àgbàlagbà kan níbẹ̀ tó nawọ́ sí ojú omi, tó ní, “Ibẹ̀ yẹn ni ilé wa.” Ó fi ọwọ́ hàn mí yàrá, ó fi hàn mí ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń sá ẹja. Ìgbì nìkan ni mo rí.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún kan, mo wà ní Malanville, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Odò Ọya ti pààlà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ti fà á títí dé ilé ẹjọ́ àgbáyé nítorí àwọn erékùṣù àárín odò náà, ilé ẹjọ́ sì pín in fún wọn ní 2005, ó fún Nìjẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba ọdún 2023 ní Niamey, wọ́n ti afárá ibẹ̀ pa. Odò ni ẹrù àti èèyàn ń gbà lásìkò tí mo wà níbẹ̀, nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ètè mi ti sán, erùpẹ̀ ti bo gbogbo ewé. Odò náà kún bámú bámú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ oko àlùbọ́sà tó wà létí rẹ̀. Ìyá kan, ọmọ Ṣábẹ̀, ń bu omi sára ẹ̀bù àlùbọ́sà rẹ̀.

“Ẹ kú ọyẹ́, mà.”

“Ọ̀ọ́, ẹ kú ìrìn, ọmọ mi. Ẹ rọra, ibẹ̀ ń yọ̀.”

“Mà, ìgbà wo lòjò ti rọ̀ níbí gbẹ̀yìn?”

“Ó ti lé lóṣù mẹ́ta.”

“Omi yìí wá ńkọ́?”

Kò gbé orí sókè. “Omi àlejò ni. Kì í ṣe òjò tiwa. Òjò àwọn ará òkè lọ́hùn-ún ni, lásìkò yìí ló máa ń dé.”

Mo lóṣòó, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó tutù ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì tòrò débi pé mo ń rí ìka mi márààrún títí dé ọrùn ọwọ́. Ìyá náà ti bu igbá kan sí i, ó ń dà á sídìí àlùbọ́sà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa wó ilẹ̀ ìdí rẹ̀.